Kí ọyẹ́ tó dé: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú koríko àti òdòdó òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé àti họ́ọ̀lù yín ní Ìkòròdú

Lọ́dọọdún, tó bá ti di bí ọ̀sẹ̀ kejì January, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mánijà òtẹ́ẹ̀lì kan ní Agric, ẹni tó ni ilé ìwé kan lọ́nà Ijede, mọ́mì tó ni họ́ọ̀lù ayẹyẹ ní Igbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wo koríko yìí, ó ti dà bí ẹní tí iná jó." Mo máa ń lọ wò ó o, àmọ́ ká sòótọ́, kò sí nǹkan púpọ̀ tí mo lè ṣe sí i ní January. Láti October sí ìdajì November ló yẹ ká ti ṣiṣẹ́ yẹn, nígbà tí òjò ṣì wà nílẹ̀ tó ń palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́.

Àwa ò ní yìnyín, òtútù kì í pa òdòdó níbí. Nǹkan tó ń pa á ni pé òjò á kàn dáwọ́ dúró, oòrùn ò ní dín kù, ọyẹ́ á wá ti apá Sàhárà dé, á fa ìwọ̀nba omi tó kù nínú ewé, eruku títì á sì bo èyí tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ sáà mọ bí òjò Èkó ṣe ń ṣe, ó máa ń le gan-an ní June, á sinmi díẹ̀ ní August, á tún padà wá ní September àti October, tó bá fi máa di àárín November ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, láti December títí February ẹ lè rí ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ sì lè má rí rárá. Òjò October yẹn lowó tẹ́ ẹ máa fi pamọ́ sílẹ̀ tẹ́ ẹ máa ná ní January. Kì í ṣe ewé là ń tọ́jú lásìkò yìí, gbòǹgbò ni.

Mánijà kan fi fídíò kan hàn mí lórí YouTube, òyìnbó kan ní Texas ló ń fọ́n irúgbìn ryegrass sórí koríko bahama ẹ̀ (òun làwọn òyìnbó ń pè ní Bermuda grass) ní ìparí ọdún, torí lọ́dọ̀ tiwọn òtútù máa ń mú kí bahama sùn, ryegrass yẹn á wá máa tutù yọ̀yọ̀ títí òtútù á fi lọ. Ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ fóun. Mo ní ọ̀gá, òǹgbẹ ló ń gbẹ bahama tiwa, koríko òtútù yẹn ò lè fara da oòrùn ibí, owó yín ni ẹ máa fọ́n sílẹ̀. November tiwọn kọ́ ni November tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ọgbà ká nínú òjò

Ẹ mú agboòrùn, ẹ wọ bàtà rọ́bà, kẹ́ ẹ jáde síta nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Ẹ wo ibi tí omi ń dúró sí, ibi tó ń sáré gbà kọjá, ibi tó ti ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ. Ibi tó ń sáré gbà kọjá yẹn, ibẹ̀ ni koríko á ti kọ́kọ́ kú. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní ṣebí omi pọ̀ níbẹ̀. Omi pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó kàn ń kọjá ni, kò yà wọlé.

Tí òjò bá ti dá fún ọjọ́ méjì, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, kó jìn bí i láti ọrùn ọwọ́ yín dé orí ìka. Tó bá tutù dé ìsàlẹ̀, kò burú, ilẹ̀ yẹn ń mumi. Tó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù tí abẹ́ ẹ̀ gbẹ tó le koko, ilẹ̀ yẹn ti kì nìyẹn, àwọn mọ́tò tó ń páàkì sórí koríko lọ́jọ́ ìnáwó ló sì sábà máa ń fà á. Láwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ lápá Odogunyan, ilẹ̀ pupa tó máa ń le bíi bíríkì ni mo sábà máa ń bá, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ọ̀sà lápá Ebute, yanrìn ló ń pọ̀, ìyẹn kì í kì, àmọ́ kì í gba omi dúró náà.

Èyí tó kì, ẹ wá irin rọ́ọ̀dù tó nípọn bí àtàǹpàkò, kí ọmọ iṣẹ́ máa fi gún ilẹ̀ yẹn, ihò kan sí ìkejì ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọ́n ilẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ ti pò mọ́ yanrìn sí i, kẹ́ ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a wọ inú àwọn ihò yẹn. Iṣẹ́ agara ni, mi ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, torí tó bá ti gbẹ tán irin á kàn máa ta padà ni. Kẹ́ ẹ sì gbé òkúta tàbí ìkòkò òdòdó ńlá síbi tí mọ́tò ń gbà wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Saturday tó ń bọ̀ gbogbo ẹ̀ á tún kì padà.

Ilẹ̀ yanrìn ní tiẹ̀, ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ló ń fẹ́, nǹkan tó máa bá a di omi mú.

Gọ́tà ò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ kó o lẹ́yìn òjò tó kẹ́yìn pẹ̀lú, torí ẹrẹ̀ tó bá gbẹ sínú ẹ̀ láti November títí March á ti le ju kọnkéré lọ. Ẹ má sì kó ẹrẹ̀ yẹn sídìí òdòdó o, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù àti ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ló kún inú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ koríko

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tẹ́ ẹ ní. Carpet grass ni èyí tí ewé ẹ̀ gbòòrò, ó fẹ́ràn omi àti ibòòji, òun ló sì kọ́kọ́ máa ń dákú. Bahama ni ewé ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀, tó bá tiẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní January, ẹ má tíì ké gbàjarè, ó sábà máa ń wà láàyè nísàlẹ̀, òjò méjì ló máa jí i. Ẹ lè fi bahama sílẹ̀ kó sùn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi carpet grass sílẹ̀, ẹ máa ra òmíràn ni.

Láti ìparí October ẹ gbé abẹ mówà sókè. Tó bá jẹ́ pé ìnṣì kan àbọ̀ lẹ ń gé carpet grass kù sí nígbà òjò, ẹ jẹ́ kó ga tó ìnṣì méjì àbọ̀ sí mẹ́ta báyìí. Ewé tó ga ló ń ṣíji bo ilẹ̀, bí ewé bá sì ṣe ga tó ni gbòǹgbò ń jìn tó. Ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ti ga jù, ẹ gé díẹ̀, ẹ dúró di ọjọ́ kẹrin, ẹ tún gé díẹ̀. Koríko tẹ́ ẹ gé, tí kò bá ti pọ̀ jù, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀ kó jẹrà.

Èmi àti oníbàárà mi kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Họ́ọ̀lù ni, wẹ́dìn wà ní ìparí December, ó ní àfi kí n fá koríko yẹn mọ́lẹ̀ kó "mọ́". Mo ní mọ́mì, mímọ́ yàtọ̀ sí ìhòòhò. Wọ́n pe ẹlòmíì, onítọ̀hún fá a bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ gẹ̀rígẹ̀rí, lọ́jọ́ wẹ́dìn ó rẹwà lóòótọ́, nígbà tó fi máa di ìparí January eruku pupa ló kù níbẹ̀, bàtà funfun àwọn àlejò ló sì ń san gbèsè ẹ̀. Ohun kan tún ni pé kẹ́ ẹ pọ́n abẹ mówà, abẹ tó kú kì í gé, ńṣe ló ń ya ewé, orí ewé á wá funfun bí ẹni pé ó ń ṣàìsàn.

Èpò náà, ìsinsìnyí tí ilẹ̀ rọ̀ ló rọrùn láti fà, kó tó so irúgbìn. Èyí tó ń ta iṣu kéékèèké sísàlẹ̀ bí òfio yẹn, tẹ́ ẹ bá kàn fa orí ẹ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ọkọ́ ni kẹ́ ẹ fi wú u. Tí ẹnì kan bá sì gbé oògùn èpò wá, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀, tó bá jẹ́ paraquat, ẹ dá a padà, NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024, èèyàn tó bá ṣèèṣì gbé díẹ̀ mì, ó ṣòro kí wọ́n tó rí i gbà là, ká má tíì sọ ti ilé ìwé tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.

Ajílẹ̀

Ẹ fún koríko ní NPK 15-15-15 lẹ́ẹ̀kan, kó pẹ́ jù kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ November, nígbà tí òjò bíi mélòó kan ṣì kù tó máa tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀. Bí 30 gram ti tó fún square mita kan (ìgbésẹ̀ ńlá kan ní gígùn, ìkan ní fífẹ̀), ìyẹn kílò mẹ́ta fún square mita 100, àpò oníkílò 50 kan á sì tó square mita bíi 1,600. Ẹ fọ́n ọn nígbà tí ewé gbẹ, kẹ́ ẹ bomi rin ín tí òjò ò bá rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jó ewé.

Ẹ gbàgbé urea ní December. Mo mọ̀ pé ó ń mú nǹkan tutù kíá, àmọ́ ewé rírọ̀ lásán ló máa yọ, gbòǹgbò ò ní lè fún un lómi mu, ọyẹ́ á kàn bá a gbé e lọ ni. Ìgbẹ́ adìyẹ dáa gan-an, ó sì pọ̀ ní Ìkòròdú, oníadìyẹ ò wọ́n, ṣùgbọ́n kó ti jẹrà tó oṣù méjì kẹ́ ẹ tó lò ó. Tútù ẹ̀ á jó gbòǹgbò, á sì lé gbogbo àlejò òtẹ́ẹ̀lì yín sá wọ inú yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi kan díẹ̀. Ixora tó wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì tó máa ń pọ́n yẹ́lò, tí iṣan ewé nìkan ṣì máa tutù, ẹ máa ń rò pé ajílẹ̀ ló ń fẹ́, ẹ sì ń dà á sí i, kò sì yí padà. Sìmẹ́ǹtì ló ń dà á láàmú. Àwọn bíríkìlà máa ń ri àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àjẹkù kọnkéré mọ́ ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, ẹ̀fun inú ẹ̀ á mú kí ixora má lè rí irin inú ilẹ̀ jẹ, ilẹ̀ tó kan díẹ̀ ló sì fẹ́ràn. Mo ti gbẹ́ ìdí ixora kan rí tí mo bá odindi àpò sìmẹ́ǹtì tó ti dì níbẹ̀. Ẹ hú u, ẹ kó pàǹtí yẹn kúrò, ẹ da ilẹ̀ dúdú àti ewé jíjẹrà sí i, kẹ́ ẹ tún un gbìn kí òjò tó tán.

Ìdí igi, kẹ́ ẹ bò ó

Tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo eléyìí, òun nìyí. Ẹ fi koríko gbígbẹ, ewé, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́ọ̀mìlì tó ti pẹ́ nílẹ̀ tàbí èèpo ẹkùrọ́ bo ìdí òdòdó àti igi, kó nípọn tó ìnṣì méjì sí mẹ́ta, lọ́jọ́ kejì tí òjò ńlá bá rọ̀ tán. Ẹ bò ó nígbà tí abẹ́ ẹ̀ tutù o, tẹ́ ẹ bá bo ilẹ̀ gbígbẹ, gbígbẹ yẹn náà lẹ dì pa mọ́. Èmi fẹ́ràn èèpo ẹkùrọ́ jù níwájú òtẹ́ẹ̀lì, ó dúdú, ó rẹwà, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e, kì í sì í yá ikán lára láti jẹ. Lẹ́búlẹ́bú pákó tútù ò dáa, òun fúnra ẹ̀ á máa bá òdòdó du ajílẹ̀ inú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ara igi ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, torí ikán, ẹ̀ẹ̀rùn sì nìyẹn, ebi á máa pa wọ́n.

Gígé òdòdó àti igi

Ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn láti December. Orí ẹ̀ka ni ixora ti ń yọ òdòdó, tẹ́ ẹ bá gé e lónìí ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó tún tanná dáadáa, torí náà kẹ́ ẹ ti gé e tán nígbà tí October bá fi máa dé ìdajì. Ẹni tó gé e ní December 10 kó yé bínú sí baba ọgbà. Bougainvillea ní ìwà tiẹ̀, tó bá rí omi jù, ewé lásán ni, tí òǹgbẹ bá gbẹ ẹ́ díẹ̀ ló ń yọ àwọ̀, ẹ gé e ní ìparí October kẹ́ ẹ sì dín omi ẹ̀ kù. Igi masquerade àti òdòdó yellow bush, ẹ kàn máa fá etí wọn, ẹ má gé e wọnú, ewé inú tí kò rí oòrùn rí á jó.

Igi ńlá: ẹ̀ka tó ti kú lókè ibi ìpáàkì, ẹ gé e kúrò kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó gé e fún yín lé mọ́tò àlejò. Ẹ ká àgbọn náà sílẹ̀. Ọ̀pẹ òdòdó, imọ̀ ẹ̀ tó ti gbẹ nìkan ni kẹ́ ẹ gé, èyí tó bá ṣì tutù ẹ fi sílẹ̀. Igi fúrúùtù, èyí tí wọ́n tún ń pè ní almond, máa pọ́n, á sì wọ́ ewé ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìṣe ẹ̀ ni, kò kú, ẹ ṣáà máa gbá a kó má baà di gọ́tà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ́ odindi igi lulẹ̀ ní Èkó, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ tó ń bójú tó ọgbà àti igi ní ìpínlẹ̀ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ inú ọgbà yín ló wà.

Omi

Ibí ni owó ń gbà lọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Carpet grass tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tutù ní ẹ̀ẹ̀rùn ń fẹ́ omi bí ìnṣì kan lọ́sẹ̀, ìyẹn lítà 25 fún square mita kọ̀ọ̀kan. Tí koríko yín bá jẹ́ square mita 400, lítà 10,000 nìyẹn, táǹkì onílítà 2,000 márùn-ún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé bọ́hòlù yín lè gbé e? Ṣé ẹ ti ka owó iná NEPA àti epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn? Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ pín ọgbà sí mẹ́ta: iwájú ibi tí àlejò ti ń yàwòrán, ìyẹn ò gbọdọ̀ gbẹ, àárín, ẹ fún un ní ìdajì, kó má ṣáà kú, ẹ̀yìn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀ títí di March. Kí square mita 100 tutù yọ̀yọ̀ sàn ju kí 400 jọ máa ṣàìsàn pọ̀.

Omi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó wọlẹ̀ dáadáa dáa ju ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ lọ, torí omi díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ gbòǹgbò láti máa jókòó sókè. (Lórí yanrìn, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ dín ti ẹ̀ẹ̀kan kù.) Ẹ to agolo mílíìkì mẹ́rin káàkiri ibi tí omi ń dé, ẹ ṣí i, ẹ wo aago, iye ìṣẹ́jú tó gbà kí omi ga tó ìdajì ìnṣì nínú wọn, ìyẹn lẹ máa fi ṣe òdiwọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Tí agolo kan bá kún tí ìkejì gbófo, ẹ mọ̀ pé họ́ọ̀sì yín ń ṣe ojúsàájú. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa bomi rin, kó tó di aago mẹ́jọ. Ọ̀sán kọ́, oòrùn á mu ún tán lójú yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí ọ̀sà, ẹ máa tọ́ omi bọ́hòlù yín wò lóṣooṣù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn omi odò tó ń wọnú ọ̀sà máa ń dín kù, omi òkun á wá máa rọ́ wọlé, ọ̀sà á sì níyọ̀, àwọn bọ́hòlù kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í níyọ̀. Tí etí ewé bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń bomi rin ín, ẹ fura sí iyọ̀. Bahama á gbà á mọ́ra, carpet grass ò ní gbà. Omi tó ní ìpẹtà ní tiẹ̀ kì í pa koríko, ìńtálọ́ọ̀kì àti ògiri funfun ló ń bà jẹ́, ẹ má jẹ́ kí sprinkler dojú kọ ọ́.

Àwọn igi July 14

Ẹ mọ̀ pé July 14 ni ọjọ́ igi gbígbìn ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ìwé máa ń gbìn ín, wọ́n á yàwòrán, ó tán. Oṣù mẹ́rin péré ni igi yẹn ní láti mú gbòǹgbò kí òjò tó lọ. Ẹ fi ilẹ̀ ṣe odi kékeré yí i ká bí àwo, fífẹ̀ ẹ̀ bí ìgbésẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa da lítà 20 sí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tí ẹni tó máa dà á ò bá sí, ẹ lu ihò abẹ́rẹ́ méjì sí ìdí kẹ́ẹ̀gì àtijọ́, ẹ gbé e ti igi yẹn, ẹ rọ omi sí i, á máa kán tó, tó, tó títí di ọjọ́ kejì. Mo ti fi kẹ́ẹ̀gì gba igi mọ́gànwó mẹ́fà là nílé ìwé kan, olùkọ́ kan ní ó ń ba ẹwà jẹ́, mo ní ẹ jẹ́ kó bà á jẹ́ títí April.

Iná, eruku, kòkòrò

Ẹ ro ẹ̀yìn fẹ́ǹsì kó mọ́ tó mítà mẹ́ta, pàápàá tí pápá tàbí pọ́lọ́ọ̀tì tí wọn ò tíì kọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí ẹnì kan máa sun tiẹ̀ ní January, màjàlà ò sì mọ ààlà ilẹ̀. Ẹ má sun ewé tẹ́ ẹ gbá jọ, ẹ kó o síbi kan kó jẹrà, ìyókù ẹ kó o fún LAWMA.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ẹ fi họ́ọ̀sì fọ eruku kúrò lára ewé, òkè àti abẹ́. Kì í ṣe tìtorí ẹwà nìkan, kòkòrò pupa tín-tìn-tín tó ń mu omi ara ewé fẹ́ràn gbígbẹ àti eruku. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú lára hibiscus, tí èèrà sì ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀, èèrà yẹn ló ń sìn wọ́n bí ẹran ọ̀sìn. Ẹ gé ibi tó bàjẹ́ jù, ẹ po ṣíbí ìmutí kan ọṣẹ olómi mọ́ lítà omi kan, ẹ fín in nírọ̀lẹ́, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún.

Tí òjò àkọ́kọ́ bá wá já lulẹ̀ ní February tàbí March, ẹ má sáré lọ ra ajílẹ̀ àti koríko tuntun. Òjò ẹ̀tàn ni òjò yẹn, ó lè tún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ dáadáa tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ wo ibi tí bahama ti jí padà fúnra ẹ̀, ibi tí kò bá jí ni kẹ́ ẹ ra koríko sí.